Níbo La Ti Fẹ́ Rí Aiyé Wò?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a jókòó yí ìyá wa ká, a ní ká wo fíìmù pa pọ̀. Dátà wà lórí fóònù, iná ò tíì lọ, tẹlifíṣọ̀n náà sì tóbi dáadáa. A bi wọ́n pé, "Mọ́mì, èwo ni ká fi sí i?" Wọn ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi fi Aiyé ti Ògúńdé sí i."

A wá a títí. Èyí tí a rí kò ju àjákù lọ. Níbì kan, àwòrán ti ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Níbòmíì, ohùn ò bá ẹnu mu. Mọ́mì wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n mi orí. "Èyí kọ́ lèmi wò nígbà yẹn o." Wọ́n bá dìde, wọ́n lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ṣé ẹ rí i, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, a ti wo House of Ga'a, a ti wo Lísàbí méjèèjì, a sì ti wo Ẹlẹ́ṣin Ọba, gbogbo rẹ̀ lórí Netflix, láìdìde lórí àga. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn wà níkàáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n fíìmù tó jáde ní 1979, tí ìyá wa fi ojú ara wọn wò, a ò rí ojúlówó rẹ̀. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe wá rí báyìí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí a wò.

House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, jáde ní oṣù Keje ọdún 2024. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ni, ẹni tó di alágbára ju Aláàfin lọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó ń fi ọba jẹ, tó tún ń ní kí ọba lọ kú. Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà. Ká sọ tòótọ́, ó ṣe é débi pé ìgbà tó bá dákẹ́ gan-an lẹ̀rù máa ń bani jù. Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé fíìmù náà ń sáré. Nínú ìtàn, sùúrù Abíọ́dún ni ọ̀rọ̀ gan-an wà: bó ṣe ń lọ kí Gáà nílé lójoojúmọ́ bí ọmọ tó ń kí bàbá, bó ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, títí tí òun àti Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi parí ètò wọn, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Gáà ní 1774. A ì bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí sùúrù yẹn pọ́n wa lójú díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó lọ wò ó.

Lísàbí pín sí méjì. Apá kìíní jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, èkejì dé ní oṣù Kìíní 2025. Níyì Akínmọláyan ló darí rẹ̀, Látéèf Adédiméjì ló sì ṣe Lísàbí. Ìjà inú rẹ̀ dùn, aṣọ wọn gún régé. Àmọ́, lójú tiwa, oògùn ti pọ̀ ju áàrò lọ níbẹ̀. Áàrò ni àwọn Ẹ̀gbá fi ń rántí Lísàbí: bá mi ro oko mi lónìí, kí n bá ọ ro tìẹ lọ́la. Abẹ́ áàrò ló ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó ń jẹ gàba lé wọn lórí rò pé iṣẹ́ oko lásán ni wọ́n ń ṣe, títí ọjọ́ tí gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfọkàntánni ni oògùn Lísàbí. Ó ṣòro láti fi kámẹ́rà mú, a mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ìtàn náà.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ló pa wá lẹ́kún. Bíyì Bándélé tó darí rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ 2022, fíìmù náà sì bọ́ sórí Netflix ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1975 ni wọ́n mú un jáde látinú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ló sì bí eré náà. Dúró Ládìípọ̀ ti fi ìtàn yìí kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ la fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín lórí WhatsApp! Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu. Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà, àmọ́ nínú fíìmù yìí, ọ̀rọ̀ náà padà sílé, ó ń sọ Yorùbá.

Ẹni tó bá ní Amazon Prime Video, Agẹṣinkólé ni kó wá níbẹ̀. Ilé sinimá ló ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹrin 2022 kó tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wo Lísàbí pẹ̀lú wa ní àwọn ti gba ọ̀nà yìí rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 1979, Ọlá Balógun darí Ìjà Òmìnira látinú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà níbẹ̀. Ìtàn àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ àjàgà, tí wọ́n sì kọ̀, ni. Ọlá Balógun àti Adé Love yìí náà ló gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, fíìmù Yorùbá gígùn àkọ́kọ́. Ọmọ Adé Love ni Kúnlé Afọláyan, tó ṣe Aníkúlápó tó wà lórí Netflix láti 2022. Bàbá ti la ọ̀nà kí ọmọ tó gba ibẹ̀.

Báwo làwọn bàbá ṣe ń fi fíìmù han aráyé nígbà náà? Bí wọ́n ṣe ń gbé eré tíátà kiri náà ni. Láti 1945 ni Hubert Ògúńdé ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á dé ìlú, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ṣeré, wọ́n á tún ṣí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, ibòmíì ló gbé eré lọ. Fíìmù wá dé, ìṣe náà ò yí padà. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó ńlá ni, nítorí náà ẹ̀dà tí ẹnì kan máa ní ò pọ̀. Inú agolo pẹlẹbẹ ni fíìmù máa ń wà. Ẹni tó ni ín ló ń gbé agolo yẹn kiri fúnra rẹ̀, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, láti ilé sinimá dé Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-Èdè ní Igànmú. Ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó máa ka orí. Nígbà tí wọ́n bá wò ó tán, ó máa kó agolo rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá. Ní 1982, Mósè Ọláìyá gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Ẹ̀dà fíìmù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè, wọ́n dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín jẹ gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì í mọ́lẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀: di agolo ẹ mú, má fi sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Àmọ́ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo dì mú, ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni náà bá rọ ńkọ́? Ògúńdé ṣe Aiyé, ó ṣe Jáíyéṣinmi ní 1980, ó ṣe Àròpin N'Tènìyàn ní 1982 àti Àyànmọ́ ní 1988. Ní oṣù Kẹrin 1990, ó kú. Ìbẹ̀rù olè ló ń jẹ́ kí èèyàn fi fíìmù pamọ́; fífi pamọ́ yẹn kan náà ló ń mú kó ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, agbára ò ká fíìmù inú agolo mọ́. Fídíò ló kù. Báyìí ni fíìmù àgbéléwò ṣe dé, tí Ìdúmọ̀tà di ọjà rẹ̀. Ẹ rántí Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993, Ó Le Kú ní 1997, Ṣawo­roidẹ ní 1999, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ Túndé Kèlání. Ìgbà yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ni gbọ̀ngàn. Aládùúgbò á rọ́ wá, àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ṣí lọ, sídíì dé. Sídíì náà tún ti ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa títí dòní, ẹ̀rọ tó máa fi hàn wá ni kò sí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. iROKOtv ti wà níbẹ̀ láti 2011, Netflix àti Prime tẹ̀ lé e, àwọn òṣèré púpọ̀ sì ti ṣí ojúlé tiwọn lórí YouTube. A ò bú wọn. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston lè wo Gáà lálẹ́ tí àwa náà ń wò ó, ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká rò pé a ti dé ilé. Ilé àyágbé ni. Ní oṣù Kìíní 2024, Amazon kéde pé Prime ò ní máa fowó ṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Fíìmù tí wọ́n bá gbà fún ọdún díẹ̀, tí àdéhùn bá parí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, kò sí ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn sọ fún wa. Ògúńdé ló ni agolo rẹ̀ nígbà yẹn. Lónìí, ta ló ni agolo?

Ìwé tó jẹ́ ká mọ Gáà àti Lísàbí tó báyìí gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọwọ́ wa. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ. Ọkọ̀ ojú omi Appam ló gbé èyí náà lọ, àwọn ará Jámánì sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní 1916. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ohun tó gbà á là ni pé ibì kan ṣoṣo kọ́ ni ìtàn náà wà. Ó wà nínú ìwé àjákọ, ó wà lọ́wọ́ àbúrò, ó sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Ṣebí títí dòní, a ṣì ń sọ pé bí o bá láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Òwe yẹn ò nílò dátà.

Fíìmù náà ṣeé gbà là. Shaihu Umar, fíìmù Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti di ohun tí wọ́n rò pé ó ti sọnù kí wọ́n tó rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí ti Haúsá bá ṣeé ṣe, ti Yorùbá náà á ṣeé ṣe. Ó kù sọ́wọ́ ìdílé tó ní agolo, ìjọba tó ní ilé ìpamọ́, àti àwa tó ní kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lónìí náà, kí wọ́n má fi ẹ̀dà kan ṣoṣo lé àjèjì lọ́wọ́, kí wọ́n wá sọ pé ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a padà lọ bá Mọ́mì. A ní, "Ẹ sọ Aiyé fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sọ bí èrò ṣe pọ̀ tó, wọ́n wá dórí Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúńdé ṣe, bó ṣe ń bá àwọn àjẹ́ jà, bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe pariwo tí ẹnì kan sì bẹ́ sábẹ́ àga. Ó lé ní wákàtí kan. A fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wa, a ti fi èkejì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀kẹta sì wà lọ́dọ̀ àbúrò.