Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń fi ẹ̀yà inú páálí oríṣìíríṣìí to mọ́tò àrà kéékèèké

Ẹni tó bá rí ẹ̀kú eégún tí wọ́n fi oríṣìíríṣìí aṣọ rán kì í béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ra aṣọ kìn-ín-ní tàbí ìkejì. Odindi eégún tó ń jó lójú agbo ni ojú rẹ̀ ń wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn mọ́tò kéékèèké kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi ike tò láti àwọn ọdún 1960. Ara mọ́tò lè wá láti inú páálí kan, kí ẹ́ńjìnnì wá láti inú òmíràn, kí táyà sì wá láti inú ìkẹta, síbẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí, ojú kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní. Show rod ni wọ́n ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, kitbashing sì ni wọ́n ń pe ọgbọ́n kí èèyàn kó ẹ̀yà inú ọ̀pọ̀ páálí jọ láti fi ṣe ohun kan.

Show rod kì í ṣe mọ́tò ìrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí wọ́n torí eré ìje ṣe. Mọ́tò ìpàtẹ ni, kí ẹnu lè ya èèyàn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè jẹ́ méjì, òrùlé rẹ̀ lè rí róbótó bí ìfóófòó ọṣẹ, ó sì lè jọ pósí òkú tàbí akoto ọmọ ogun.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ California máa ń ra àwọn mọ́tò Ford àtijọ́ tí owó wọn kò pọ̀. Wọ́n á gé ara wọn kúrú, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n á sì fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi sáré. Hot rod lorúkọ tí wọ́n fún irú mọ́tò yìí. Nígbà tó yá, àwọn kan rí i pé àwọn èèyàn ṣe tán láti sanwó kí wọ́n lè wá wo èyí tó bá rẹwà nínú wọn. Ìpàtẹ ìlú Oakland bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ti ìlú Detroit tí wọ́n ń pè ní Autorama sì tẹ̀lé e ní 1953. Nígbà tí olúkúlùkù fẹ́ kí àrà tirẹ̀ yọ ju ti ẹnìkejì lọ nínú àwọn ìpàtẹ wọ̀nyí ni mọ́tò ìsáré di mọ́tò àwòyanu.

Ọ̀kan lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà débi gíga ni Ed Roth, tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ọdún 1932 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2001. Àwọn yòókù ń gé irin, wọ́n ń jó o pọ̀, ṣùgbọ́n ní ti Roth, P.O.P. ló fi máa ń mọ àwòrán mọ́tò tó bá ní lọ́kàn, yóò sì ti ara rẹ̀ fi fáíbà mú ara mọ́tò jáde. Ọgbọ́n yìí ló fi ṣe Outlaw ní 1959, lẹ́yìn náà ló ṣe Beatnik Bandit, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ike róbótó tó mọ́ bíi gíláàsì. Inú mọ́tò yìí kò ní sitẹ́ríǹgì rárá. Ọ̀pá kan ṣoṣo tó wà láàárín ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí National Automobile Museum tó wà nílùú Reno, ìpínlẹ̀ Nevada, ni Beatnik Bandit wà.

Ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò ni George Barris, ẹni tó kú ní 2015. Ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe mọ́tò Munster Koach fún eré orí tẹlifíṣàn kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ara mọ́tò Ford Model T mẹ́ta ni wọ́n gé, tí wọ́n so pọ̀, kí wọ́n tó rí ẹyọ kan yìí. Èyí fi hàn pé kí ọmọdé kankan tó fi ọ̀bẹ gé ike, àwọn mọ́tò ńlá tí wọ́n ń fara wé gan-an ti jẹ́ àtòpọ̀.

Bí ó ṣe wọ inú páálí

Ilé iṣẹ́ Revell, tó wà ní Venice, California, nígbà náà, gbé Outlaw jáde ní páálí ní 1962, ó sì gbé Beatnik Bandit tẹ̀lé e ní 1963. AMT, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Michigan, gbé Munster Koach jáde ní 1964. Ọmọdé tí kò lè ní mọ́tò gidi wá lè fi owó péréte tò ó lórí tábìlì ìyá rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí àdàlù ẹ̀yà gbòde kò ju bí AMT ṣe ń di páálí rẹ̀ lọ. Láti 1958 ni ilé iṣẹ́ yìí ti ń ta páálí tí èèyàn lè tò ní ọ̀nà mẹ́ta: bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, bí mọ́tò tí wọ́n tún ṣe lóge, tàbí bí mọ́tò eré ìje. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni èèyàn sì lè tò ó. Ẹ̀yà ti ọ̀nà méjì tó ṣẹ́kù, ìyẹn táyà, ẹ́ńjìnnì àti sàláńsà, á wà nílẹ̀ láìníṣẹ́. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú àpótí. Bí àpótí náà ti ń kún, bẹ́ẹ̀ ni èrò tuntun ń wọlé, títí àṣẹ́kù fi di ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà mìíràn, mọ́tò kékeré ló máa ń bí ńlá. Tom Daniel ló ya àwòrán Red Baron fún ilé iṣẹ́ Monogram, tó gbé e jáde ní páálí ní 1968. Akoto àwọn ọmọ ogun Jámánì àtijọ́ ni òrùlé rẹ̀. Ike náà tà débi pé wọ́n gbé iṣẹ́ fún Chuck Miller, oníṣẹ́ mọ́tò ní agbègbè Detroit, pé kó ṣe èyí tí èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ló wà nínú ike náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Pontiac ni Miller fi sínú ti gidi.

Ìwọ̀n ni àkọ́kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ da ẹ̀yà pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí. Ìwọ̀n 1/25 túmọ̀ sí pé mọ́tò gidi gùn ju ti ike lọ ní ìlọ́po 25. Ìwọ̀n yìí ni AMT sábà máa ń lò, nígbà tí Monogram fẹ́ràn 1/24. Bí àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn mọ́tò gidi bá jẹ́ 100 íǹṣì, yóò jẹ́ 4 íǹṣì ní 1/25, yóò sì lé díẹ̀ ní 4.16 ní 1/24. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, táyà tàbí ẹ́ńjìnnì sì lè kọjá láti inú ọ̀kan sínú èkejì láìsí ẹni tó máa fura. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ fi ara mọ́tò 1/24 lé sáásì 1/25, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé nǹkan kò bára mu. Ti 1/32 kò tilẹ̀ ṣeé dà mọ́ wọn, nítorí àga inú rẹ̀ á dà bí àga ọmọdé.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Omi ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fọ ẹ̀yà, kí ọ̀rá tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ lè kúrò, torí ọ̀dà kì í mú lórí ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù so gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìlo gọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé e sórí táyà rẹ̀, wọ́n á wá wò ó níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí kò ṣeé fò, nítorí ìdúró mọ́tò, bí iwájú ṣe wálẹ̀ tó àti bí ẹ̀yìn ṣe ga tó, ló ń sọ ọ́ di show rod tàbí òkìtì ẹ̀yà lásán. Ibi tó bá yẹ ní gígé, ayùn kékeré tàbí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a gé kù ṣì ṣeé gé sí i, ṣùgbọ́n èyí tí a gé jù ti bọ́.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì, á sì sọ wọ́n di ọ̀kan, ìyẹn ló fi ń lágbára. Kò lè mú irin, kò sì lè mú fáíbà, súpà gúlù ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè mú ẹ̀yà tí wọ́n fi kíróòmù pa lára, àfi kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ibi tó máa fara kan ara. Ẹni tó bá fẹ́ bó gbogbo kíróòmù náà máa ń rì í sínú bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Níbi tí ẹ̀yà inú páálí méjì bá ti pàdé, wọ́n á lu ihò tín-ín-rín sí ojú méjèèjì, wọ́n á sì ki wáyà bọ̀ ọ́ kó má baà ṣẹ́. Bọ́dì-fílà ni wọ́n fi ń dí ojú àpá, tí wọ́n á wá fi sáńdípépà àti omi dán an, bí páńẹ́lì-bítà ṣe ń ṣe sí mọ́tò ńlá.

Ọ̀dà ló ń bo àṣírí. Ike inú páálí kan lè pupa, ti òmíràn lè funfun, ike pupa sì máa ń yọ jáde lára ọ̀dà funfun bí ọjọ́ bá ń lọ. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ fín. Ọ̀dà candy tí show rod gbajúmọ̀ fún jẹ́ ọ̀dà tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ fín àwọ̀ fàdákà tàbí wúrà, wọ́n á wá fín aró tó mọ́ gaara lé e léraléra. Bí wọ́n bá ṣe fín in tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń jinlẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹ̀yà fi gbọ́dọ̀ gba iye kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn yóò dúdú ju ara mọ́tò lọ.

Ewu inú gọ́ọ̀mù

Eré yìí ní ewu tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ kan ní Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ fa gọ́ọ̀mù ike símú kó lè máa pa wọ́n bí ọtí, àwọn kan sì bá a lọ. Ní 1969, ilé iṣẹ́ Testor fi èròjà olóòórùn títa kan, èyí tó wà nínú òróró mọ́sítáàdì, sínú gọ́ọ̀mù rẹ̀ kí imú má baà lè gbà á. Títí di òní, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, tó sì ń jáde, ló yẹ kí èèyàn ti lo gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Ìbòmú sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ń fín ọ̀dà tàbí tó ń gé fáíbà.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n gé páálí àtijọ́?

Ọ̀rọ̀ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí ni ti páálí tí kò sí mọ́. Inú mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ike. Àwọn mọ́ọ̀dù kan ti sọnù, wọ́n sì ti gé àwọn mìíràn, tí wọ́n tún wọn ṣe fún mọ́tò mìíràn, tí páálí ìjọ́sí kò fi lè jáde mọ́. Ẹni tó bá gé ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ti dín iye tó wà láyé kù. Àwọn kan ní kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Àwọn mìíràn ní páálí tí ẹnikẹ́ni kò tò kò yàtọ̀ sí ìlù tí ẹnikẹ́ni kò lù, àti pé gígé gan-an ni àṣà show rod láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà láàárín méjèèjì. Bí mọ́ọ̀dù bá ṣì wà, àwọn ilé iṣẹ́ máa ń tún páálí àtijọ́ gbé jáde. Round 2, tó wà ní ìpínlẹ̀ Indiana, ló ń ta páálí orúkọ AMT báyìí. Irú àtúngbéjáde bẹ́ẹ̀ ló yẹ ní gígé. Bí ẹ̀yà kan ṣoṣo bá sì ni oníṣẹ́ nílò, ó lè fi rọ́bà sílíkóònù ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀, kó da ẹ̀dà rẹ̀, kó sì dá ojúlówó padà sínú páálí rẹ̀. Fún ìlò ara ẹni nìyẹn o, torí ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ẹlòmíràn tà lè rí ìjà òfin.

Ọgbọ́n àdàlù yìí ti kọjá orí mọ́tò nìkan. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfurufú inú sinimá Star Wars tó jáde ní 1977 já páálí ọkọ̀ ogun lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n lẹ ẹ̀yà inú wọn mọ́ ara ọkọ̀ wọn, àwọn òǹwòran sì gbà pé ọkọ̀ ojú ọ̀run gidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju páálí méjì tí ìwọ̀n wọn bára mu, ọ̀bẹ tó mú, sáńdípépà, gọ́ọ̀mù àti sùúrù lọ. Kó má ṣe da èyí tó bá ṣẹ́kù nù, torí inú rẹ̀ ni mọ́tò tó kàn wà.