Dírípù: Bí dókítà ṣe ń fi scan mọ̀ bóyá omi ara aláìsàn kéré tàbí ó ti pọ̀ jù

Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Àmọ́ fún ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára dé ICU, omi tí wọ́n ń fà sí i lára lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ó sì lè pa á lára.

Tí omi inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ àti kíndìnrín dáadáa. Tó bá pọ̀ jù, á rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, mímí á wá di ìṣòro. Ojú lásán lè tan èèyàn jẹ: ẹsẹ̀ ẹlòmíì á wú, síbẹ̀ omi inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó.

Kí ni dókítà ń wò?

Ultrasound, irú scan tí wọ́n fi ń wo aboyún, ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n lè gbé e wá síbi ibùsùn, kò sì ní ìtànṣán bíi ti X-ray.

• Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn: òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Nínú àgbàlagbà tó ń mí fúnra rẹ̀, tí iṣan yìí ò bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.1 lọ, tó sì ń súnkì ju ìdajì lọ tó bá fa imú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ọkàn kò ga nìyẹn. Tó bá fẹ̀, tí kò súnkì, ó ti ga.

• Ẹ̀dọ̀fóró: tí omi bá wà níbẹ̀, ìlà funfun á máa já wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Tó bá tó mẹ́ta láàárín egungun ìhà méjì, wàhálà ń bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á.

• Ọkàn: wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè kí ẹ̀jẹ̀ sàn padà sí àyà. Tí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde bá pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí dírípù ràn án lọ́wọ́.

Scan nìkan kì í dá ẹjọ́. Dókítà á tún wo ìtọ̀, ìfúnpá àti mímí.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì?

Ìwádìí FEAST, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011, wo ọmọdé tó lé ní 3,000 ní Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà. Ibà ń ṣe wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn ò sì lọ káàkiri ara dáadáa. Láàárín wákàtí 48, bíi 11 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n yára da omi púpọ̀ sí lára; lára àwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, bíi 7 ni. Àwọn ọmọ tó ń ṣu gbuuru ò sí nínú ìwádìí náà o. Àwọn nílò omi kíákíá.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ má ṣe lọ gba dírípù ní kẹ́mísìtì torí pé ó rẹ̀ yín. Tí ẹ bá ní èèyàn nílé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ sì lè bi wọ́n léèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì nílò omi?”