Ìlú Tó Háyà Ọlọ́pàá

Ṣé ìlú lè dá dúró láìní ọlọ́pàá tirẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lakewood, ní Kalifọ́níà, l'Ámẹ́ríkà.

Long Beach, ìlú ńlá tó múlé tì í, fẹ́ gbé e mì. Àwọn ará Lakewood kọ̀. Wọ́n dìbò, wọ́n sì gba òmìnira ní 1954. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni dídá ọlọ́pàá sílẹ̀. Ni wọ́n bá bá ìjọba Los Angeles County tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn: ẹ máa ṣọ́ wa, ẹ máa tún ọ̀nà wa ṣe, a ó máa sanwó.

Lónìí, ó lé ní 40 ìlú tí Sheriff Los Angeles County ń bá ṣọ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ló ṣì ń pinnu ohun tí wọ́n máa rà.

Ìjọba ìbílẹ̀ tiyín ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni wọ́n lè bá aládùúgbò wọn pawọ́ pọ̀ ṣe?