Ọjọ́ tí Wọ́n Fa Àsíá Pupa Ya

Nígbà tí àwọn baba wa sọ mọ́tò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èyí tí ó ń rọra yọ́ lọ ni wọ́n rí. Àwọn ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí kò mọ yíyọ́ rárá. Ariwo ni wọ́n ń pa, wọ́n ń rú èéfín, wọ́n sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, bí oòrùn bá ti ń yọ, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn a péjọ ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn a sì forí lé Brighton, ìlú kan létí òkun ní gúúsù, ìrìn nǹkan bí 60 máìlì. Ọkọ̀ tí a bá ṣe lẹ́yìn ọdún 1904 kò gbọdọ̀ bá wọn lọ.

Kí a tó mọ ìdí rẹ̀, a ó padà sí ọdún 1865. Ní ọdún náà ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lé àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tí ń fa ẹrù lójú títì. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn ju 4 máìlì lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko. Nínú ìlú, 2 máìlì péré ni. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì fẹsẹ̀ rìn níwájú, ó kéré tán 60 yáàdì, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, kí ó lè kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, ó lè da kẹ̀kẹ́ tí ó ń fà sínú kòtò, kí ó sì pa ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní 1878 wọn kò fi dandan lé àsíá mọ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn níwájú ṣì wà. Nígbà tí àwọn ará Jámánì àti Faransé wá ṣe mọ́tò kéékèèké tí ń lo epo, òfin ẹ̀rọ ńlá yìí náà ni ó dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni èrè ọkọ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ṣíwájú rẹ̀ délé?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1896, Ọbabìnrin fọwọ́ sí òfin tuntun tí yóò tú wọn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta sí i. Obìnrin kan, Bridget Driscoll, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, wà ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n gbé ń fi mọ́tò han àwọn ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà gbá a, ó sì kú. Òun ni ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mọ́tò epo pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n wádìí ikú náà ní èèṣì ni. Nítorí náà, èmi kò lè bá àwọn tí ń fi àwọn aṣòfin ìgbà náà ṣẹ̀sín ṣe é.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: 14 máìlì ní wákàtí kan ni ó gbà láàyè, ìjọba sì dín in kù sí 12. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Harry Lawson, ẹni tí ń dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì Metropole. Ibẹ̀ ni Olóyè Winchilsea gbé fa àsíá pupa ya lójú gbogbo wọn. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ kún ọ̀nà. Ọkọ̀ bí ọgbọ̀n ni ó gbéra. Nǹkan bí 17 ni ó dé Brighton, àwọn kan sì fi ẹ̀sùn kàn pé ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé ọ̀kan nínú wọn débẹ̀, tí wọ́n wá fi ẹrẹ̀ kùn ún lára. Lawson fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́: ní 1904 ilé-ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára, nítorí owó àwọn tí wọ́n ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó fi ẹ̀tàn gbà.

Ní 1927 ni wọ́n tún ìrìn náà rìn láti fi ṣe ìrántí. Láti 1930 ni Royal Automobile Club ti ń ṣètò rẹ̀, ní ọdún yìí kan náà sì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, Veteran Car Club, sílẹ̀ ní Brighton. Ogun dá a dúró, ọ̀wọ́n epo dá a dúró ní 1947, àjàkálẹ̀ àrùn sì dá a dúró ní 2020.

Àwọn kan nínú wọn a ti Westminster Bridge kọjá sí Brixton, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí, gbogbo wọn a sì gba Croydon àti Crawley. Lẹ́yìn èyí ni ìgbèríko tòótọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ewé igi ti di pípọ́n àti pupa rẹ́súrẹ́sú, òtútù mú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní òrùlé. Òmíràn kò ní kẹ̀kẹ́ ìdarí. Igi gbọọrọ bí ti ọkọ̀ ojú omi ni awakọ̀ fi ń darí rẹ̀. Ní abúlé Cuckfield, àwọn ará ilé a jáde wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n òkè Clayton ni ó ń dán wọn wò: bí ọkọ̀ bá ti ń mí gúlegúle, àwọn èrò a sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì máa tì í, àtọmọdé àtàgbà. Láti orí òkè náà, òkun kò jìnnà mọ́.

Kì í ṣe eré ìje. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé kí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù gba àmì ẹ̀yẹ, ti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó dé gbẹ̀yìn.