Ọ̀nà Ifẹ̀: Ìtàn Oògùn Kan fún Àrùn Ẹ̀jẹ̀

Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín jẹ mọ́ oògùn kan tí à ń pè ní imatinib, àti ọ̀nà jíjìn tí ó wà láti Ajah dé Ilé-Ifẹ̀.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tí í máa rìn jẹ́jẹ́: ara a rù, ikùn a wú ní apá òsì, àwọn ará ilé a sì wí pé a ti fi nǹkan sí oúnjẹ aláìsàn náà. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa pẹ̀lú wa! Ṣùgbọ́n ní ọdún 1960, ní Filadẹ́fíà ti Amẹ́ríkà, orúkọ tí ẹni tí ń ka Ìwé Ìfihàn mọ̀ dáadáa, Nowell àti Hungerford rí i pé kúrómósómù kan kéré ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1973, Janet Rowley ti Chicago fi hàn pé kúrómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni ó ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan ara wọn. Níbi tí wọ́n ti so pọ̀ lódì ni kínéèsì kan ti ń jáde wá, èyí tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pé kí ó máa bí sí i láìsinmi. Imatinib a wọ inú ihò tí kínéèsì náà ti í gba agbára, a sì dí i, bí ẹni fi ẹ̀rún igi dí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Àṣẹ nã a sì dákẹ́. Nicholas Lydon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Basel ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, Brian Druker ti Oregon sì dán an wò lára aláìsàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Owó rẹ̀ kò ṣe é dárúkọ létí tálákà. Ilé-iṣẹ́ Novartis tí ó ń ṣe é wá ṣètò láti fi í ta àwọn aláìní lọ́rẹ, ètò nã sì dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní 2003, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Durosinmi. Láti oṣù kẹjọ ọdún nã títí dé oṣù kẹjọ 2007, ènìà 98 ni ó gbà á níbẹ̀, ọkùnrin 56, obìnrin 42. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 11, àgbà wọn jẹ́ 65, bí ìdajì wọn kò sì ju ẹni ọdún 36 lọ. Ẹ wo irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀!

Ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ ní ẹkùn Lẹ́kí wa yìí, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni oògùn ọ̀fẹ́ nã wà ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ẹni tí ń gbé Ajah ní láti jí ní òru, kí ó gba Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn àlòkan: ojoojúmọ́ ni à ń lò ó, bí a bá sì dá a dúró láìgba àṣẹ oníṣègùn, àrùn nã sábà máa ń padà. Nígbà míràn, owó ọkọ̀ nìkan ni ó dúró láàrin aláìsàn àti oògùn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kọ́bọ̀ lé lórí.