Ìgbóná Kọ́, Ìmóorujù Ni

Àwọn ọmọ àdúgbò ní Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá kì í dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó sọ oògùn lórúkọ. "Áìsì" ni mẹtamfẹtamíìnì, "mọ́lì" ni MDMA, ó parí. Àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìlera ni ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu. Wọn a kọ "ìgbóná ara àti ìdálóró ọpọlọ látàrí oògùn amúnilárayágágá", wọn a sì fi ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò sílẹ̀ kó máa já a fúnra rẹ̀.

Orúkọ kẹ́míkà kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ará Japan, Nagai Nagayoshi, ló kọ́kọ́ ṣe mẹtamfẹtamíìnì ní 1893; àwọn onímọ̀ Merck ní Jámánì ló po MDMA ní 1912. Ẹni tó bí ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ: ká yá a, bí a ti yá búrẹ́dì. "Amárayá" náà dára fún gbogbo ẹ̀yà oògùn yìí. "Arọ́pò" tó fún PMMA àti irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà lórúkọ mọ́lì. PMMA máa ń pẹ́ kó tó ràn, ẹni tó lò ó á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún gbé òmíràn mì.

Ìgbóná ni ká dúró lé lórí. Láyé àtijọ́, ìgbóná ni àrùn Ṣọ̀pọ̀ná tí ẹnu kì í fẹ́ dárúkọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fa ọkàn lọ sọ́dọ̀ àìsàn àti ibà. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìwọ̀n ooru ara sókè nígbà ibà, ìdí nìyẹn tí parasitamọ́ọ̀lù fi ń gbà á. Ti mọ́lì yàtọ̀. Ara ń da ooru sílẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tì mọ́ yàrá, kò sì rí ibi tú u sí. Bó bá kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹran ara lè máa bàjẹ́, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù kò ní ran ẹni náà, àfi kí wọ́n tètè mú ara rẹ̀ tutù, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó bá kọ "ìgbóná" ti rán ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.

Yorùbá ní "ooru ń mú mi", ó sì ní "móoru". Fi "ì" síwájú, fi "jù" sẹ́yìn: ìmóorujù. Àwọn kan á ní ojú ọjọ́ ló ń móoru, kì í ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ tí a sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe gan-an nìyẹn: kó mú ọkàn kúrò lórí ibà.

Ọ̀rọ̀ kejì, ìyẹn ìbàjẹ́ tí oògùn ń ṣe fún iṣan ọpọlọ, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Oró" ti ná tán sínú "oògùn olóró", níbi tí igbó àti kokéènì ti jọ ń gbé. "Ìdálóró ọpọlọ" dà bí ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe fún afurasí. Wọ́n tún dá "ìpaṣan" lábàá, àmọ́ etí á gbọ́ pàṣán. Ní 2021, nígbà tí wọ́n ń na àwọn ọ̀dọ́ ní gbangba nílẹ̀ Ìgbò nítorí áìsì yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní mkpụrụ mmiri lọ́hùn-ún, pàṣán ti ṣe tirẹ̀ tó. "Ajẹṣan" náà jọ àjẹsára jù. Ta ló fẹ́ kí abẹ́rẹ́ ọmọ àti áìsì máa pàdé lẹ́nu nọ́ọ̀sì?

"Ìjẹṣan ọpọlọ" ló kù. Bí kòkòrò ṣe ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ ni mẹtamfẹtamíìnì ṣe ń jẹ ṣóńṣó iṣan tó ń tú kẹ́míkà dopamíìnì jáde nínú ọpọlọ, láìsí ìrora tí ẹni tó ni ara lè tọ́ka sí. "Ọpọlọ" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ń jẹ́ iṣan. Àyẹ̀wò lára eku sì ti fi hàn pé bí ara bá ṣe ń móoru sí i ni jíjẹ náà ń le sí i, bí wọ́n bá sì mú ara eku tutù, ó ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìwé ìlera kankan kọ ìjẹṣan sí ojú ewé kan, kó wá ti ìmóorujù sí òmíràn.