Bí Àwòrán Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Wọn Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dé Ẹran Ọkàn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, dókítà ọkàn Mason Sones ń ṣe àyẹ̀wò fún aláìsàn kan ní Cleveland Clinic, Amẹ́ríkà. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti ọkàn ló fẹ́ fín oògùn tí ń mú iṣan hàn sí, àmọ́ ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti yọ́ wọ iṣan tó ń bọ́ ọkàn lápá ọ̀tún. Oògùn ti tú síbẹ̀. Ọkàn dákẹ́. Sones pariwo pé kí aláìsàn wúkọ́; ó wúkọ́, ọkàn sì tún ń lù. Àṣìṣe yẹn ló la ọ̀nà fún yíya àwòrán iṣan ọkàn tààrà. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣan ti há nìkan ni àwòrán náà ń fi hàn, kò sọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá.

Ọ̀nà mìíràn ni ìdáhùn gbà wá. Ní 1973, Barry Zaret àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún abẹ́rẹ́ potassium-43, èròjà tó ń tan ìtànṣán, fún àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa ṣófo nínú àwòrán.

Lójú tèmi, iṣẹ́ K. Lance Gould ní 1974 ló tú ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó fún iṣan ọkàn ajá pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ kò dín títí iṣan fi há tó 85 nínú 100. Nígbà tí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ sáré dé góńgó, àléébù ti ń yọjú láti ìgbà tí iṣan há tó 30 sí 45 nínú 100. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń là gbòòrò láti bo àṣírí èyí tó há lókè. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àṣírí á tú.

Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń rìn lórí ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n fún un ní adenosine, oògùn tó ń mú iṣan là gbòòrò kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré, kí wọ́n tó ya àwòrán. Wọ́n á tún ya òmíràn nígbà ìsinmi. Ibi tó ṣófo nígbà iṣẹ́ tó sì kún nígbà ìsinmi ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó o. Èyí tó ṣófo nígbà méjèèjì sábà máa ń jẹ́ àpá.

Nínú àwọn èròjà tó ń tan ìtànṣán, thallium-201 gba ipò potassium-43. Technetium sestamibi dé ní 1990. Àwọn wọ̀nyí ń fi apá kan ọkàn wé òmíràn ni, nítorí náà bí iṣan ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bọ́ ọkàn bá há bákan náà, àwòrán lè dà bíi pé kò sí nǹkan. Irú àwòrán mìíràn tí wọ́n ń pè ní PET ló ń ka iye ẹ̀jẹ̀ gan-an.

Ní 2019, ìwádìí MR-INFORM fi àwòrán ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí ẹ̀rọ MRI yà wé wáyà tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu ọkàn kò ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi MRI tọ́ sọ́nà tí wọ́n wá la iṣan fún kò pọ̀ tó ti ẹgbẹ́ kejì: bíi 36 nínú 100, níbi tí ti wáyà jẹ́ 45.